Àjàrà Tó Tètè Jí: Ojú Ọjọ́ àti Ìkórè ní Gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìgbà wo ni wọ́n ń kórè èso àjàrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò dáhùn pé láti ìparí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọgbà àjàrà pé oṣù wo ni ìkórè máa ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kò ní dárúkọ oṣù kẹwàá fún yín. Oṣù kẹrin ni yóò dárúkọ, nígbà tí kò tíì sí èso kan ṣoṣo lórí igi, tí ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀mùnú tútù tí kò gùn tó ìka ọwọ́ lọ.

Kent ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2016 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà kan tó wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní North Downs. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Ìdànrè, n kò sì rò ó rí pé mo tún lè padà sídìí oko lẹ́yìn tí mo ti rékọjá òkun. Iṣẹ́ ìkórè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ bá lọ, nítorí owó aṣọ òtútù àwọn ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n padà wá bá wọn rẹ́ ẹ̀ka nígbà òtútù, báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń rí igi náà láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tí mo kà láti lè lóye rẹ̀, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ.

Ilẹ̀ ẹfun àti ooru tuntun

Àjàrà kì í ṣe àlejò pátápátá ní ilẹ̀ yìí. Nínú Domesday Book, ìyẹn ìwé ńlá tí Ọba William Aṣẹ́gun ní kí wọ́n fi ka dúkìá gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún 1086, ọgbà àjàrà tó lé ní 40 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, iṣẹ́ náà rẹ̀yìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ní ọdún 1951 ni ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì, Sir Guy Salisbury-Jones, tún gbin àjàrà sí Hambledon ní Hampshire láti máa fi ṣe wáìnì tà. Ní 1988, tọkọtaya kan láti Amẹ́ríkà, Stuart àti Sandy Moss, gbin oríṣi mẹ́ta tí àwọn ará Champagne ní ilẹ̀ Faransé fi ń ṣe wáìnì tó ń hó, ìyẹn Chardonnay, Pinot Noir àti Meunier, sí Nyetimber ní West Sussex. Lónìí, ọgbà àjàrà tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lé ní 1,000, ilẹ̀ tí wọ́n sì gbà lé ní 4,000 hẹ́kítà. Kent ló ní èyí tó pọ̀ jù. Kódà ilé-iṣẹ́ Taittinger ti Champagne fúnra rẹ̀ ti wá ra ilẹ̀ sí Kent, ó sì gbin igi àkọ́kọ́ síbẹ̀ ní 2017.

Kí ló fà wọ́n wá? Ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹfun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ òkè wọ̀nyí, òkúta funfun rírọ̀ tó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, tó sì ń jẹ́ kí èyí tó bá ṣẹ́kù ṣàn lọ kí ó má baà rẹ gbòǹgbò igi. Irú òkúta kan náà ló gba abẹ́ òkun kọjá títí dé Champagne. Èkejì ni ooru. Ooru tí gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá nísinsìnyí ti sún mọ́ èyí tí àwọn ará Champagne ń rí ní ìdajì kejì ọ̀rúndún tó kọjá. Ayé ń gbóná, ilẹ̀ tí kì í gba àjàrà tẹ́lẹ̀ sì ti ń gbà á. Bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ti ń sọ ìtàn náà nìyẹn, pé ìgbóná ayé ti sọ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì di olówó wáìnì. Ẹni tó bá ti sun inú ọgbà náà rí ní òru oṣù kẹrin mọ̀ pé ó kù síbì kan.

Igi tó ń sùn kì í kú

Nígbà òtútù, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, igi àjàrà a wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù, a sì rí bí ẹni pé ó ti kú. Oorun ló ń sùn. Ní àkókò yẹn, òtútù lè lọ sí ìwọ̀n Celsius 15 sísàlẹ̀ òdo kí igi náà má ṣe mira. A ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ nínú yìnyín àti nínú ẹrẹ̀, a ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó hù ní ọdún tó kọjá kúrò, igi kò sì mọ̀ rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru nínú oṣù kẹta, oje a gòkè láti inú gbòǹgbò. Níbi tí a ti gé ẹ̀ka, omi a máa kán tó, tó, tó. Àwọn ará ibí máa ń sọ pé igi ń sunkún. Èmi fẹ́ràn àárọ̀ wọ̀nyẹn. Bí oòrùn bá ràn sórí ọgbà, gbogbo ojú ọgbẹ́ ẹ̀ka a máa dán bí ẹni pé wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́yìn èyí ni igi a rúwé. Bí ìwọ̀n ooru ọ̀sán bá ti ń kọjá 10 léraléra, èéhù a là, ọ̀mùnú a yọ, ìdí òdòdó kéékèèké tí yóò di èso a sì ti wà nínú ọ̀mùnú náà kí ojú ẹni tó lè rí i.

Ibí yìí ni ewu wà. Omi ló kún inú ọ̀mùnú tuntun. Igi tó fara da ìwọ̀n 15 sísàlẹ̀ òdo nígbà tó ń sùn, bí ó bá ti jí, ìwọ̀n kan tàbí méjì péré sísàlẹ̀ òdo lè pa gbogbo ohun tó yọ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú. Bí oṣù kẹta bá tutù, igi a pẹ́ lójú oorun. Nígbà tó bá fi máa rúwé, ìrì dídì ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹta bá gbóná, tí gbogbo ènìyàn ń bọ́ ẹ̀wù òtútù tí wọ́n sì ń kí ara wọn kú oríire, igi a jí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àkókò, ìrì dídì kò sì tíì lọ. Ooru tó mú àjàrà dé Kent gan-an ló ń tètè jí i sọ́wọ́ òtútù.

Òru kan ní ọdún 2017

Oṣù kẹta ọdún 2017 gbóná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó wà lára àwọn tó gbóná jù nínú àkọsílẹ̀. Ní ìdajì oṣù kẹrin, ọ̀mùnú àwọn Chardonnay wa ti gùn tó ìka méjì. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, afẹ́fẹ́ yípadà, ó ń ti ìhà àríwá fẹ́ bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ náà dáwọ́ dúró, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ kún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ì bá pè é ní alẹ́ rere. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń tú gbogbo ooru tó gbà lọ́sàn-án dà sójú òfuurufú, nítorí kò sí àwọsánmà tí yóò bò ó bí aṣọ.

Baálé ọgbà náà àti ìyàwó rẹ̀ pe gbogbo wa. Àbẹ́là ńláńlá tí wọ́n fi agolo ṣe ni a tò sáàárín ìlà igi. Hẹ́kítà kan lè gba 300 irú rẹ̀, èyí tí wọ́n ní kò sì tó fún ìdá mẹ́ta ọgbà. Ní agogo méjì òru, òṣùwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ọgbà ti kọjá òdo lọ sísàlẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáná sí àbẹ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù wúwo ju ooru lọ, ó ń ṣàn sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí omi, a sì gbá jọ sí ibi tó bá rẹlẹ̀. Mo lè fi ẹsẹ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìlà igi, ó dà bí ẹni ń wọ inú odò: orúnkún kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ìbàdí.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà láti dáàbò bo igi. Àwọn kan ní ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ gíga tó ń fa afẹ́fẹ́ tó móoru díẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi omi wọ́n ọ̀mùnú ní gbogbo òru kí ó lè di yìnyín yí i ká. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé yìnyín ni wọ́n fi ń gba igi lọ́wọ́ òtútù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Omi tó bá ń di yìnyín máa ń tú ooru díẹ̀ jáde, níwọ̀n ìgbà tí omi bá sì ń dé láìdáwọ́ dúró, ọ̀mùnú inú rẹ̀ kì í kọjá òdo lọ sísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń náni lówó ńlá, ọgbà wa kò sì ní èyíkéyìí nínú méjèèjì nígbà náà.

Nígbà tí oòrùn là, ìsàlẹ̀ ọgbà funfun báláú. Ní ọ̀sán, funfun ti lọ, ọ̀mùnú ibẹ̀ sì ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Àwọn ìlà tó wà lókè òkè náà, tí òtútù ti ṣàn kúrò lára wọn, kò rí ohunkóhun. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ìrì dídì mọ ibi tó ń lọ.

Mo pe bàbá mi ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè ọkọ mi, kí wọ́n tó béèrè oko.

"Ìrì dídì ti pa àjàrà wọn, Bàbá."

"Ìrì? Ìrì tó ń mú ewé tutù náà ló wá ń pa á?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé igi náà ló kú, àbí èéhù orí rẹ̀?"

"Èéhù nìkan ni."

"Á tún yọ òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá tún yọ kò ní so bí àkọ́kọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n má fi ojú sọ́nà jù."

Bàbá mi kò rí igi àjàrà rí, àmọ́ bí wọ́n ti wí gẹ́lẹ́ ló rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èéhù àkọ́kọ́, èéhù kékeré mìíràn wà ní ìpamọ́, òun ló sì yọ nínú oṣù karùn-ún. Èso rẹ̀ kéré, ó sì pẹ́ kí ó tó pọ́n. Iṣẹ́ ìkórè tó gba wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún tó ṣáájú, ọjọ́ mẹ́fà la fi parí rẹ̀ ní ọdún yẹn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n sì san owó rẹ̀ fún wa. Ní ti àwọn tó ni ọgbà, ìyà náà pẹ́ kó tó dé. Wáìnì tó ń hó máa ń pẹ́ nínú ìgò fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tà á, nítorí náà, òru oṣù kẹrin 2017 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ owó wọn ní 2021 ni, nígbà tí àwọn oníbàárà ti gbàgbé pé òtútù kankan mú rí.

Oṣù kẹfà, àti ọdún tó ń bọ̀

Bí ọ̀mùnú bá yè é, òdòdó ló kàn. Òdòdó àjàrà kéré púpọ̀, kò ní àwọ̀ tó ń fani mọ́ra, ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn kò ní mọ̀ pé igi ti tanná. Láti ìdajì oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni. Òdòdó kan ló ń di hóró èso kan. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, tó sì móoru ju ìwọ̀n 15 lọ dáadáa, ìdí òdòdó kan lè di ìdí èso tó kún bámúbámú. Bí òjò bá ń rọ̀, tí òtútù ń mú, ọ̀pọ̀ òdòdó a já bọ́, ohun tó kù lórí ìdí náà a sì rí bí eyín arúgbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2012 nìyẹn, nígbà tí òjò oṣù kẹfà pọ̀ kọjá àlà. Ní òpin ọdún yẹn, Nyetimber kéde pé àwọn kò ní ṣe wáìnì kankan rárá láti inú ìkórè náà, nítorí èso tó wà kò dára tó.

Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kan náà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn ní ìkọ̀kọ̀. Ní ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, èéhù ọdún tó ń bọ̀ ti ń dá ara rẹ̀. Bí oòrùn bá tàn sí i dáadáa nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, ìdí èso púpọ̀ ni yóò fi pamọ́ sínú. Bí ó bá wà nínú òkùnkùn àti òtútù, díẹ̀ ni. Nítorí náà, ìkórè kan ń jẹ gbèsè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì.

Ẹ wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2022 gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùwọ̀n kan ní Coningsby fi dé 40.3 ní ọjọ́ 19 oṣù keje, èyí tí ilẹ̀ Bìrìtì kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọdún 2023 fi dé, oṣù kẹfà rẹ̀ tún jẹ́ èyí tó gbóná jù lọ nínú àkọsílẹ̀, òdòdó sì tanná nínú oòrùn. Oṣù keje kún fún òjò, a ti ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ méje gbáko ni ooru fi kọjá 30 níbì kan tàbí òmíràn lójoojúmọ́. Ìkórè ọdún yẹn pọ̀ jù lọ nínú ìtàn, ó tó ṣe wáìnì tó lé ní 20 mílíọ̀nù ìgò. Apẹ̀rẹ̀ tán lọ́wọ́ wa, a lọ yá lọ́wọ́ aládùúgbò, kò ní. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kórè, ẹ̀yìn mi sì jẹ́rìí sí i. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò ṣáá ni, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tutù, ìkórè gbogbo ilẹ̀ náà sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Nígbà tó di 2025, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tún wá jẹ́ èyí tó gbóná jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Bìrìtì, a sì ti mú ọ̀bẹ dání ṣáájú ìgbà tí a ń retí. Ẹ sọ fún mi bí baálé ilé ṣe lè fi irú iṣẹ́ yìí ṣètò owó ilé-ìwé ọmọ.

Oògùn àjàrà tó di ti kòkó

Ohun tó bà á jẹ́ ní 2024 kì í ṣe òtútù nìkan. Bí ewé bá tutù fún ọjọ́ púpọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì móoru díẹ̀, ìmúwòdù a dé, àrùn tó ń mú kí ewé àti èso bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ní ọdún 2024, ojoojúmọ́ ni a ń já ewé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí èso kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gbẹ wọ́n.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọ̀ tó ń wà lára ewé àjàrà lẹ́yìn tí wọ́n bá fín in ní oògùn kan ni mo dúró sójú kan. Aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ ewé, bí èyí tó máa ń wà lára ẹ̀wù oko bàbá mi. Oògùn kan náà ni. Ní àwọn ọdún 1880, ní agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń po bàbà mọ́ ẹfun sísun, wọ́n a fi kun àjàrà tó wà létí ọ̀nà kí ó lè korò lẹ́nu àwọn tó ń kọjá, kí wọ́n má baà já a jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì ibẹ̀, Pierre-Marie-Alexis Millardet, ṣàkíyèsí pé ìmúwòdù kì í mú àjàrà etí ọ̀nà. Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì kéde rẹ̀ fún aráyé ní 1885. Oògùn tí wọ́n pò fún olè yìí ló wá rìn títí ó fi dé oko kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn bàbá wa ti fi ń bá àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi jà nígbà òjò.

Ọjọ́ tí a ń já a

Láti ìgbà tí òdòdó bá tanná, nǹkan bí 100 ọjọ́ ni wọ́n máa ń kà dé ìkórè. Nínú oṣù kẹjọ, hóró tó le bí òkúta a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Pinot Noir a kúrò ní àwọ̀ ewé, a di àyìnrín. Láti ìgbà náà, adùn ń gòkè, kíkan ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sán tó móoru ló ń mú adùn wá, òru tó tutù ló ń dáàbò bo kíkan. Wáìnì tó ń hó nílò kíkan púpọ̀, ìdí nìyí tí òtútù Kent fi wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún un.

Lójoojúmọ́, ìyàwó baálé ọgbà a máa fún oje sórí ẹ̀rọ kékeré kan, a gbé e sójú, a wo iye adùn tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà a wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lórí fóònù rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sẹ̀ kan bá ń bọ̀, ó yẹ kí a dúró. Bí òjò bá ń bọ̀, hóró lè mu omi yó kó bẹ́, kí èso sì rà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ẹyẹ àti agbọ́n pẹ̀lú ń dúró. N kò rí ẹni tó ń gbàdúrà tó bí i nínú oṣù kẹwàá.

Àwọn ará Beaune, ní agbègbè Burgundy ní ilẹ̀ Faransé, ti ń kọ ọjọ́ ìkórè wọn sílẹ̀ láti ọdún 1354. Nígbà tí àwọn olùwádìí to àkọsílẹ̀ náà jọ títí dé 2018, wọ́n rí i pé títí di 1987, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ìkórè máa ń bọ́ sí ní ìpíndọ́gba. Láti 1988, ó ti fi nǹkan bí ọjọ́ 13 ṣáájú ìyẹn. Ohun tó bá mú ìkórè ṣáájú ló ń mú ìrúwé ṣáájú pẹ̀lú. Ní ìparí oṣù kẹta 2021, ilẹ̀ Faransé gbóná bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn; ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìrì dídì pa ọ̀mùnú láti Chablis títí dé ìsàlẹ̀ gúúsù. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé ìgbóná ayé ti mú kí irú òtútù bẹ́ẹ̀ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti mú kí igi tètè jí ju bí òtútù ti dín kù lọ.

Ibi tí igi kì í sùn

Àwọn èèyàn mi nílé máa ń béèrè pé níwọ̀n bí òtútù ti jẹ́ ọ̀tá tó báyìí, kí ló dé tí a kò gbìn ín sílé. Ìdáhùn tó dára jù tí mo rí wà ní Brazil. Lẹ́bàá odò São Francisco, ní Petrolina àti ní Juazeiro, tí ìkejì yìí wà ní Ìpínlẹ̀ Bahia tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti gbilẹ̀ láyé òwò ẹrú, àjàrà pọ̀ lọ súà. Kò sí òtútù níbẹ̀, igi kì í sì fúnra rẹ̀ sùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, omi odò ni wọ́n fi ń bomi rin ín, nítorí náà bí wọ́n bá fẹ́ kí igi sinmi, wọ́n a dín omi rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá fẹ́ kó jí, wọ́n a rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n a sì tún ṣí omi. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, èso a pọ́n. Ìkórè méjì lọ́dún kò ṣòro fún wọn, ẹ sì lè rí abala kan tó ń tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn tí wọ́n ń kórè. Òjò ni ọ̀tá tiwọn. Ọ̀rinrin tó wà ní Ìdànrè láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ì bá sọ gbogbo rẹ̀ di oúnjẹ ìmúwòdù. Bàbá mi gbọ́ àlàyé yìí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn máa bá kòkó àwọn lọ.

Ní Kent, a ti ń kọ́ bí a ṣe ń tan igi jẹ. Bí ẹ̀ka bá gùn, èéhù orí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ là, àwọn tó wà nísàlẹ̀ a sì dúró dè é. Nítorí náà, ní abala ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí òtútù máa ń gbá jọ sí, a kì í parí rírẹ́ ẹ̀ka mọ́ nínú oṣù kejì. A ń fi ẹ̀ka gígùn sílẹ̀, a ń jẹ́ kí orí rẹ̀ rúwé fún ìrì dídì, kí a tó wá gé e ní ìparí oṣù kẹta tàbí kó tiẹ̀ wọ oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni èyí fi ń fa ìrúwé sẹ́yìn. Ó mú kí iṣẹ́ wa pọ̀ ní àkókò tó yẹ kó ti rọ̀, baálé ọgbà sì ti ra abẹ̀bẹ̀ gíga kan sí i, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Bí mo ti ń kọ èyí, abala ìsàlẹ̀ kò tíì rí ọ̀bẹ, ẹ̀ka rẹ̀ gùn jágajàga, ọkọ mi sì ti fi fóònù mi sí ibi tí n óò ti gbọ́ ọ bí wọ́n bá pè lóru.